Ẹnubodè Inú Ojú: Iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé King-Wai Yau àti Àrùn Ojú tí Ọmọ ń Jogún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí di ìgbà tí ènìyàn yóò fi dùbúlẹ̀ sùn, ojú ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Nítorí náà, ẹ̀rù ńlá ni ó máa ń ba òbí nígbà tí ó bá ṣàkíyèsí pé ọmọ òun ń kọsẹ̀ kiri inú ilé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sáré ṣeré láìsí ìdíwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tí ń di ojú pinpin lọ́sàn-án gangan, tí kò lè wo pátákó ìkọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́, tí kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrín aṣọ pupa àti aṣọ aláwọ̀ ewé.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe, "Kí ni ó ṣe ọmọ yìí?" bí kò ṣe, "Ta ni ó ṣe é?" Wọn a ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ. Báyìí ni wọn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ìyá àgbà tí ó wà lẹ́yìnkùlé, tàbí sí orogún, tàbí kí àwọn ìbátan ọkọ di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá ọmọ. Owó yóò máa ná, ilé yóò máa dàrú, ojú ọmọ kò sì ní í yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí láti nǹkan bí ogójì ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn fi hàn gbangba pé, ní ti ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó fa wàhálà náà kò ju ẹnubodè kékeré kan lọ, tí ó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ojú, tí kò sì ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Lára àwọn tí iṣẹ́ wọn tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni Ọ̀mọ̀wé King-Wai Yau, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé ìṣègùn Yunifásítì Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1986.

Bí ojú ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀

Kí ènìyàn tó lè mọ bí ohun kan ṣe bàjẹ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, nínú lọ́hùn-ún, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínà. Orí awọ yìí ni àwòrán ohun gbogbo tí ènìyàn ń wò máa ń bọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí àwòrán ti ń bọ́ sórí aṣọ funfun ní ilé sinimá. Inú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gba ìmọ́lẹ̀ wà, oríṣi méjì pàtàkì ni wọ́n sì pín sí. Àwọn kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Àwọn ìyókù ṣe ṣóńṣó bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá, tí iye wọn tó nǹkan bí 120 mílíọ̀nù nínú ojú kan, ni ènìyàn fi ń ríran nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì, bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àti ti ìràwọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì òkòtó, tí kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 6 lọ, ni ó wà fún ọ̀sán. Àwọn ni ènìyàn fi ń dá àwọ̀ mọ̀, àwọn náà ni ó sì fi ń kàwé.

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó yí i ká bí odi, gẹ́gẹ́ bí odi ti yí àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá ká láyé àtijọ́. Lára odi yìí ni àwọn ẹnubodè kéékèèké wà. Purotéènì ni ara fi mọ wọ́n, wọ́n sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò lásán tí ń sọ ohun kékeré di ńlá kò lè fi wọ́n han ojú. Àwọn tí ń gba ẹnubodè yìí kọjá ni èérún sódíọ̀mù, irú èyí tí ó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, àti èérún kálísíọ̀mù, irú èyí tí ó wà nínú egungun àti nínú wàrà. Olúkúlùkù èérún wọ̀nyí ni ó gbé agbára iná mànàmáná dání. Nígbà tí wọ́n bá ń wọ́ gba ẹnubodè wọlé, iná mànàmáná ni ó ń ṣàn wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré púpọ̀púpọ̀.

Ẹnubodè yìí kì í ṣí láìní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ohun kan tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ cyclic GMP. Nínú òkùnkùn, kọ́kọ́rọ́ yìí pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn kan nínú àwọn ẹnubodè sì wà ní ṣíṣí, tí iná mànàmáná ń ṣàn wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ kan yóò bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ tí yóò run àwọn kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn ẹnubodè yóò tì, iná tí ń ṣàn yóò sì dínkù. Dídínkù yìí ni iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán sí ọpọlọ pé ìmọ́lẹ̀ ti dé. Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni ojú ń ṣí ẹnubodè rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń tì í nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí.

Ohun tí Ọ̀mọ̀wé Yau ṣe

Ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti bí King-Wai Yau ní ọdún 1948, ìlú Hong Kong ni ó sì dàgbà sí. Ó rékọjá lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Princeton, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 1975. Lẹ́yìn èyí ni ó bá Denis Baylor ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford, ó sì lọ bá Alan Hodgkin ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1963 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú iṣan kọjá.

Ní ọdún 1979, Baylor, Trevor Lamb àti Yau gbé ìwádìí kan jáde tí ó di ìlú mọ̀ọ́ká láàrín àwọn onímọ̀. Ojú ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n lò, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá inú ojú ọ̀pọ̀lọ́ tóbi ju ti ènìyàn lọ. Síbẹ̀, gígùn apá tí ń gba ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Wọ́n mú ọ̀pá gíláàsì kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ìwọ̀nba tí ó lè gba sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì náà wọ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wọn iná mànàmáná tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n wá ń tan ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára rárá sí i. Nígbà mìíràn sẹ́ẹ̀lì náà kò dáhùn. Nígbà mìíràn ó dáhùn ní ìwọ̀n kan náà, bí ẹni tí ń ka owó ẹyọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni wọ́n ṣe fi hàn pé ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí kò tún sí ìmọ́lẹ̀ tí ó kéré jù ú lọ ní gbogbo ayé, ti tó láti mú kí sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ránṣẹ́. Ẹyọ kan yìí a máa ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹnubodè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ti ẹnubodè náà? Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrín àwọn onímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan gbà pé ńṣe ni kálísíọ̀mù ń pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé, tí ó sì ń dí ẹnubodè. Ní ọdún 1985, Evgeniy Fesenko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Pushchino, ní orílẹ̀-èdè Soviet Union ìgbà náà, fi hàn pé cyclic GMP fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ẹnubodè yìí. Ní ọdún kan náà, Yau àti Kei Nakatani fi ẹ̀rí tiwọn lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, wọ́n sì tún fi hàn pé kálísíọ̀mù kì í pọ̀ sí i nínú ìmọ́lẹ̀, dídínkù ni ó ń dínkù. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹnubodè bá tì, kálísíọ̀mù kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wà nínú ilé ń jáde lọ láti ọ̀nà mìíràn.

Dídínkù kálísíọ̀mù yìí kì í ṣe ohun asán. Òun ni ó ń ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti fi ara mọ́ ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀. Ẹni tí ó bá ti inú iyàrá tí ó ṣókùnkùn bọ́ sí inú oòrùn ọ̀sán mọ̀ pé ojú òun yóò kọ́kọ́ ṣú, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ríran dáadáa. Lára ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni pé bí kálísíọ̀mù ti dínkù, sẹ́ẹ̀lì ń yára ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, kí ó má baà ti gbogbo ẹnubodè rẹ̀ pa.

Ojú nìkan kọ́ ni ó ní irú ẹnubodè yìí. Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ méjì, Nakamura àti Gold, rí ẹnubodè tí ó jọ ọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì imú tí ń gbọ́ òórùn. Ní ọdún 1990, Yau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins wá ka àkọsílẹ̀ tí ara fi ń mọ ọ́n. Ti imú yàtọ̀ ní ọ̀nà kan: òórùn ń ṣí ẹnubodè tirẹ̀ ni, kì í tì í. Nígbà tí òórùn iyán àti ẹ̀gúsí bá gba afẹ́fẹ́ kọjá, tí ẹnu ẹni tí ebi ń pa sì ń da itọ́, ẹnubodè ni ó ti ṣí nínú imú rẹ̀.

Nígbà tí ẹnubodè bá bàjẹ́

Olúkúlùkù ènìyàn ni ó ní àkọsílẹ̀ nínú ara rẹ̀, tí ó gbà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀, èyí tí ara ń tẹ̀lé nígbà tí ó bá ń mọ ohun gbogbo tí ó nílò. Orí kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Bí àṣìkọ bá wà nínú jíìnì kan, ohun tí ara bá fi mọ kò ní í pé, tàbí kí ó má tilẹ̀ rí i mọ rárá.

Ẹnubodè sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ní ìpín mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀. Ní ọdún 2002, Yau wà lára àwọn tí ó fi hàn pé mẹ́ta nínú ìpín náà jẹ́ oríṣi kan, tí jíìnì CNGA1 ń tọ́ka sí, tí ẹyọ kan ìyókù sì jẹ́ ti jíìnì CNGB1. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1995, Thaddeus Dryja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston pa ọwọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yau láti yẹ jíìnì CNGA1 wò lára àwọn tí ó ní àrùn ojú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ retinitis pigmentosa. Wọ́n rí àṣìkọ nínú jíìnì àwọn kan nínú wọn. Àwọn àṣìkọ mìíràn kò jẹ́ kí ara mọ ìpín ẹnubodè náà rárá. Ti àwọn méjì mìíràn yàtọ̀: ara mọ ìpín náà, ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ há sí, tí kò dé ibi odi. Ó dà bí ìlẹ̀kùn tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti kàn tán, tí kò sì kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Onílé kò lè ti ara rẹ̀ wọlé.

Ẹni tí ẹnubodè sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá rẹ̀ bá bàjẹ́ kò ní í ríran dáadáa lóru láti kékeré. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá yóò máa kú; nígbà tí wọ́n bá sì ti kú tán, àwọn sẹ́ẹ̀lì òkòtó tí kò ní àbùkù kankan yóò bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé wọn. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni òkùnkùn yóò ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa sún mọ́ àárín, títí ẹni náà yóò fi máa wo ayé bí ẹni tí ń yọjú láti inú ihò ọparun. Ẹnubodè nìkan kọ́ ni ó ń fa àrùn yìí. Jíìnì tí àṣìkọ inú rẹ̀ lè mú un wá ju 60 lọ, ó sì ń ṣe nǹkan bí ẹnì kan nínú 4,000 ènìyàn káàkiri ayé. Nínú irú kan, ohun tí ń run kọ́kọ́rọ́ ni ó bàjẹ́; kọ́kọ́rọ́ yóò wá pọ̀ jù, ẹnubodè kò ní í tì mọ́, kálísíọ̀mù yóò rọ́ wọlé, yóò sì pa sẹ́ẹ̀lì náà. Ẹnubodè tí kò ṣí kò dára, èyí tí kò tì náà kò sì dára.

Erékùṣù Pingelap

Àwọn sẹ́ẹ̀lì òkòtó náà ní ẹnubodè tiwọn, jíìnì CNGA3 àti CNGB3 ni ó sì ń tọ́ka sí i. Bí èyí bá bàjẹ́, òdìkejì ohun tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀: ẹni náà yóò máa ríran lóru, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yóò máa ta á lójú, kò ní í mọ àwọ̀ kankan yàtọ̀ sí dúdú, funfun àti eérú, kò sì ní í lè rí ohun wẹ́wẹ́. Achromatopsia ni àwọn dókítà ń pe àrùn yìí. Ní ọdún 1998, Susanne Kohl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé àṣìkọ inú CNGA3 lè fà á.

Níbi púpọ̀ ní ayé, àrùn yìí ṣọ̀wọ́n; ẹnì kan nínú nǹkan bí 30,000 ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò ti ṣọ̀wọ́n: Pingelap, erékùṣù kékeré kan ní òkun Pacific, tí ó wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè Micronesia. Ní nǹkan bí ọdún 1775, ìjì líle kan tí wọ́n ń pè ní Lengkieki jà níbẹ̀. Ìjì náà àti ìyàn tí ó tẹ̀lé e pa àwọn ènìyàn erékùṣù náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò kù ju nǹkan bí ogún lọ. Àwọn tí ó kù yìí ni ó tún bí àwọn ará ìlú, àwọn ọmọ wọn sì ń fẹ́ ara wọn, nítorí pé òkun yí wọn ká. Nígbà tí ìran díẹ̀ kọjá, àwọn ọmọ tí kò lè ṣíjú wo oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí fara hàn. Èdè ibẹ̀ ń pè wọ́n ní maskun, èyí tí ó túmọ̀ sí aláìríran. Láàrín ọgọ́rùn-ún ènìyàn níbẹ̀, nǹkan bí márùn-ún sí mẹ́wàá ni ó ní àrùn náà.

Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Johns Hopkins, ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí Yau ti ń ṣiṣẹ́, wá rí ohun tí ó fà á. Àṣìkọ kan ṣoṣo ni, nínú jíìnì CNGB3. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba ńlá wọn, kì í sì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fún ẹlòmíràn. Láàrín àwọn ogún tí ìjì ṣẹ́ kù, ẹnì kan ni ó gbé àṣìkọ yìí sínú ara láìmọ̀, ojú òun fúnra rẹ̀ sì lè dá ṣáká.

Bí ọmọ ṣe ń jogún rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó sì jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le koko, síbẹ̀ wọ́n lè bí ọmọ tí yóò jẹ́ SS. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú àrùn ẹnubodè ojú. Jíìnì kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí ni ènìyàn ní ní méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá ní àṣìkọ tí èkejì sì pé, èyí tí ó pé yóò ṣe iṣẹ́ náà, ojú yóò sì ríran. Àfi bí ọmọ bá gba èyí tí ó ní àṣìkọ lọ́wọ́ òbí méjèèjì ni àrùn yóò tó fara hàn. Nígbà tí òbí méjèèjì bá gbé àṣìkọ ọ̀hún, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí ní ìdá kan nínú mẹ́rin ààyè láti ní àrùn náà.

Ohun méjì ni ó yẹ kí ènìyàn fà yọ nínú èyí. Èkíní ni pé kò sí bí a ṣe lè di ẹ̀bi ru ìyá nìkan, níwọ̀n bí bàbá ti mú tirẹ̀ wá. Èkejì ni pé àṣà Yorùbá tí ó ka ìgbéyàwó láàrín ìbátan sí èèwọ̀ ní ọgbọ́n nínú, nítorí pé àwọn tí ó jẹ́ ẹbí ni ó rọrùn jù fún láti gbé àṣìkọ kan náà. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni méjì tí kò bá ara tan náà lè pàdé pẹ̀lú rẹ̀. Ó sì yẹ kí ó yé ni pé retinitis pigmentosa ní ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà wọ ẹbí: nínú àwọn ẹbí kan, àṣìkọ ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó, nínú àwọn mìíràn, ìyá tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa lè fi lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìwòsàn ha wà bí?

Mímọ jíìnì tí ó ní àṣìkọ ni ó jẹ́ kí àwọn oníṣègùn lè ronú àtifi èyí tí ó pé rọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń mú kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan tí kò lè fa àrùn, wọ́n ń di jíìnì tí ó pé rù ú, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fi í sí abẹ́ awọ rẹ́tínà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí irú ìwòsàn yìí àkọ́kọ́ fún àrùn ojú àjogúnbá. Luxturna ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe fún àrùn ẹnubodè. Jíìnì mìíràn tí ń jẹ́ RPE65 ni ó wà fún. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e fún ojú méjèèjì jẹ́ dọ́là 850,000, owó tí agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ká.

Ní ti ẹnubodè, ajá ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní ọdún 2010, András Komáromy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn ajá tí a bí pẹ̀lú àṣìkọ CNGB3 bẹ̀rẹ̀ sí ríran lọ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n fi jíìnì tí ó pé sí ojú wọn. Àwọn tí wọ́n tọ́jú ní kékeré ni ó sì dára fún jù. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ilẹ̀ Jámánì gbé àbájáde ti ènìyàn mẹ́sàn-án jáde, àwọn tí wọ́n fi jíìnì CNGA3 sí ojú wọn kan. Ìtọ́jú náà kò pa wọ́n lára, ìríran wọn sì sàn díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí ó yẹ kí òbí ṣe

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ọmọ rẹ̀ kò bá ríran lálẹ́ rò pé kò sí àtúnṣe mọ́ kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Àìtó fítámì A nínú oúnjẹ náà ń fa àìríran lálẹ́, èyí sì ṣeé wò sàn bí ẹ bá tètè ṣe é. Epo pupa, ẹ̀dọ̀, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì ń fún ara ní fítámì yìí, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní hóró rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ máa lo èyí tí ó pọ̀, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá.

Dókítà ojú ni ó lè mọ ìyàtọ̀. Ní ilé ìwòsàn tí ó ní irinṣẹ́ tí ń wọn iná mànàmáná ojú, wọn yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ọmọ, wọn yóò sì rí i bóyá sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ni kò dáhùn ni, tàbí sẹ́ẹ̀lì òkòtó. Iná tí irinṣẹ́ yìí ń wọ̀n kò ṣẹ̀yìn irú èyí tí Yau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀n lára sẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀lọ́ ní ọdún 1979.

Ọmọ tí oòrùn ń ta lójú nílò fìlà onígèlè àti awò dúdú. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ó jókòó níwájú, níbi tí oòrùn ojú fèrèsé kò ti ní í bá a. Kì í ṣe olódo, ojú rẹ̀ ni kò gba ìmọ́lẹ̀. Èyí tí kò ríran lálẹ́ ni kí wọ́n má ṣe rán níṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí wọ́n sì tètè kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí yóò lè máa ṣe títí ọjọ́ alẹ́. Kí wọ́n yẹ ojú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wò pẹ̀lú. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kán omi ewé, ìtọ̀ tàbí àgbo sí ojú ọmọ, nítorí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti fọ́ ojú tí ì bá ṣì máa ríran.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan, ọ̀pá gíláàsì kan àti ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ti kànàkáná ni iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti fi ibi tí ẹnubodè wà han àwọn oníṣègùn, ó sì ti fi hàn pẹ̀lú pé kò sí ọwọ́ aládùúgbò kankan lára rẹ̀. Ìyá àgbà tí ó wà lẹ́yìnkùlé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó máa bá ọmọ náà ṣeré, kí owó tí wọn ì bá fi wádìí ẹni tí ó ṣe é sì di owó ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú.